Ṣé kí n mú ẹgbẹ́ òṣèlú kan lórí fọ́ọ̀mù ìdìbò ni, àbí kí n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀?

Àdùkẹ́ Ará Bowie

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù tó kọjá ni mo búra, mo di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Káńtì Prince George's là ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Bí a ṣe parí ìbúra ni wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ fún ìdìbò. Mo ti kọ orúkọ, mo ti kọ àdírẹ́sì, mo wá dé ibi tí wọ́n ti ní kí n mú ẹgbẹ́: Democrat, Republican, àwọn kéékèèké mìíràn, tàbí kí n sọ pé n kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí firíìjì láti ọjọ́ náà.

Ọkọ mi ní kí n mú "kò sí ẹgbẹ́" kí n sinmi, pé àlejò kì í dá sí ìjà onílé. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi ò yé sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́dún 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọ́boríowó ti NPN ló wọlé, pé Ajáṣin ti UPN kọ́. Ilé tí wọ́n sun, èèyàn tí wọ́n pa, orí ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Nílé wa, tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ẹgbẹ́ tí o wà, "ẹgbẹ́ Ọlọ́run" ni wọ́n kọ́ wa pé ká dáhùn.

Tí mo bá mú ẹgbẹ́, ṣé màá máa san owó? Ṣé wọ́n á fún mi ní káàdì? Ṣé ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lè rí i? Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mi ò fẹ́ wàhálà. Àti pé, tó bá jẹ́ Democrat ló ń wọlé níbí lọ́jọ́ gbogbo bí wọ́n ṣe ń sọ, kí ló kàn mí? Títì iwájú ilé wa, ilé ìwé àwọn ọmọ, bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń pinnu ìwọ̀nyẹn náà ni?

Bàbá Lanham

Ẹ kú oríire o, àbúrò. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ṣe rere.

Ẹ má fi àyè yẹn sílẹ̀. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Mo máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìdìbò, nínú ilé ìwé kan nítòsí wa níbí. Aago méje àárọ̀ la máa ń ṣílẹ̀kùn, aago mẹ́jọ alẹ́ la máa ń tì í, ẹni tó bá sì ti wà lórí ìlà kí aago mẹ́jọ tó lù máa dìbò dandan. Ẹ ó dé ọ̀dọ̀ mi, màá bi yín ní orúkọ, àdírẹ́sì, àti oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n bí yín. Mi ò ní béèrè ọdún. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi ọjọ́ orí pamọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá méjì ló máa ń wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ èkejì rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí lálẹ́, àwọn méjèèjì ló jọ ń jẹ́rìí sí iye ìbò tí ẹ̀rọ kà.

Ohun tí mo máa ń rí lọ́jọ́ ìbò abẹ́lé (primary), níbi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń yan ẹni tó máa dupò lórúkọ rẹ̀, ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ọmọ Yorùbá kan á wọlé, á ti ka ìtàn àwọn olùdíje, á ti mọ ẹni tó fẹ́ kó ṣe alákòóso káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Màá tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ á sọ fún mi pé kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ìwé ìbò tí òfin gbà mí láyè láti fún un nìyẹn: ti ìgbìmọ̀ ilé ìwé nìkan, tí ipò yẹn bá tiẹ̀ wà lórí ìwé lọ́dún náà. Á gbà á, á wò ó síwá sẹ́yìn. "Bàbá, ìyókù ńkọ́?" Kò sí ìyókù. Ní Maryland, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ nìkan ló ń dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà. Mi ò sì lè yí i padà fún un níbẹ̀, torí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìbò ni wọ́n ti ń dẹ́kun ìpààrọ̀ ẹgbẹ́. Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá lè dé lọ́jọ́ náà gan-an, kó forúkọ sílẹ̀, kó mú ẹgbẹ́, kó sì dìbò. Ẹni tó ti ń ṣe dáadáa láti ọjọ́ yìí ló ń padà sílé lọ́wọ́ òfìfo.

Ẹ wá ní Democrat ló ń wọlé níbí, kí ló kàn yín. Torí pé òun ló ń wọlé gan-an ló ṣe kàn yín! Níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti gba ilẹ̀ tán, ìbò abẹ́lé ni ìbò. Ẹ wo ọdún 2025. Angela Alsobrooks, alákòóso káńtì wa, ti wọlé sẹ́nétọ̀, àyè rẹ̀ ṣófo. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni wọ́n dìbò abẹ́lé, Aisha Braveboy borí àwọn Democrat bíi tiẹ̀. Oṣù kẹfà ni ìbò gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ta ló ń retí ìyàlẹ́nu lóṣù kẹfà? Oṣù kẹta yẹn la ti mú ẹni tí yóò máa bójú tó ọlọ́pàá, panápaná, títì àti ìsúná káńtì tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní 900,000. Ẹ tún wo gómìnà. Wes Moore kò kó ju nǹkan bí ìdá 32 nínú 100 lọ nínú ìbò abẹ́lé Democrat ní 2022, torí àwọn olùdíje pọ̀. A kì í tún ìbò dì níbí, ẹni tó bá ti ṣíwájú ti ṣíwájú. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wẹ́rẹ́ ló wọlé.

Owó ẹgbẹ́? Kò sí. Káàdì? Kò sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń tọ́jú orúkọ yín, ẹgbẹ́ kọ́. Kò sí alága wọ́ọ̀dù tí ẹ máa lọ kí lọ́jọ́ ọdún, kò sí pé wọ́n máa lé yín jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí "dìbò kóo sebẹ̀". Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ sí Democrat lè dìbò fún Republican lóṣù kọkànlá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ní ti ọ̀gá yín, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tí ẹ dìbò fún, àṣírí ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí ẹ mú, àti bóyá ẹ jáde dìbò tàbí ẹ kò jáde, wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Maryland lè sanwó gbà, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdìbò ló fẹ́ fi ṣe. Àwọn olùdíje ló sábà ń gbà á. Òun ló ń kó ìwé ìpolongo kún àpótí lẹ́tà wa. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n torí rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Bọ́ọ̀sì àti títì wá ńkọ́? Ẹ lọ bi àwọn ará Baltimore. Ìjọba Democrat ti ṣètò ọkọ̀ ojú irin kan, Red Line, láti Woodlawn ní ìwọ̀ oòrùn dé Bayview ní ìlà oòrùn, ìjọba àpapọ̀ sì ti ya $900 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún un. Larry Hogan, Republican, wọlé gómìnà, ó sì fagi lé e ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin Purple Line tiwa níbí dúró, àmọ́ ó dín owó ìpínlẹ̀ kù, ó ní kí àwọn káńtì fi kún un. Ìyẹn ni èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ sí New Carrollton, tí wọ́n fi gbẹ́ gbogbo Riverdale. Moore gorí àlééfà, ó sì tún gbé Red Line dìde ní 2023. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń wọ bọ́ọ̀sì méjì láti West Baltimore lọ sí Bayview kò bẹ ẹgbẹ́ kankan níṣẹ́. Ẹgbẹ́ ló dé bá a nídìí bọ́ọ̀sì.

Ìgbìmọ̀ ilé ìwé ni wọn kì í kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ sí lára lórí ìwé ìbò. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ ò sí nídìí rẹ̀ o.

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Texas kún un, kí ẹlòmíràn má rò pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí. Fọ́ọ̀mù tiwa kò ní àyè ẹgbẹ́ rárá. Ọjọ́ ìbò abẹ́lé ni wọ́n á bi ọ́ pé ti ta ni o fẹ́ gbà, o mú ọ̀kan. Àmọ́ tí kò bá sí ẹni tó kó ju ìdajì lọ, tí wọ́n ní kí ẹni méjì tó ṣíwájú tún un dù, o ò lè sá lọ dìbò sí ti ẹgbẹ́ kejì mọ́.

Ọ̀rọ̀ pé ìbò abẹ́lé ni ìbò yẹn, àwọn èèyàn dúdú ibí ti fara gbá a kí wọ́n tó bí wa. Nígbà yẹn, Democrat nìkan ló ń wọlé ní Texas. Ní 1923, ìpínlẹ̀ ṣòfin pé èèyàn dúdú kò gbọ́dọ̀ dìbò nínú ìbò abẹ́lé Democrat. Oníṣègùn kan ní El Paso, Lawrence Nixon, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ó borí ní 1927. Wọ́n dọ́gbọ́n yí i: wọ́n ní ẹgbẹ́ kì í ṣe ìjọba, ẹgbẹ́ lè yan ẹni tó wù ú. Ìyẹn ni pé wọ́n á jẹ́ kí o wá dìbò lóṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ẹran tán. Lonnie Smith, oníṣègùn eyín ní Houston níbí, ló tún gbé e lọ. Thurgood Marshall wà lára àwọn lọ́yà rẹ̀. Ọdún 1944 ni ìdájọ́ jáde pé ìbò abẹ́lé wà lára ìbò ìjọba, wọn ò lè yọ èèyàn dúdú sílẹ̀ níbẹ̀. Oníṣègùn eyín ló jà fún un, ẹ̀yin wá fi tiyín sórí firíìjì. Ẹ má bínú, àwàdà ni.

Ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ kan ìgbésí ayé yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Laurel lọ́dọ̀ yín. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti ìyàwó mi ń ṣe, wọ́n ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ní Maryland, láti oṣù kìíní ọdún 2024, òfin ní owó wákàtí kan kò gbọ́dọ̀ dín sí $15. Ní Texas, $7.25 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi lélẹ̀ láti 2009 náà la ṣì wà. Wọ́n ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìyàwó mi, torí wọn ò ní rí òṣìṣẹ́ ní $7.25, ṣùgbọ́n tó bá béèrè àfikún, kò sí òfin tó máa dúró tì í.

Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún tálákà, tún ńkọ́? Òfin ìlera ti 2010 fẹ́ kí gbogbo ìpínlẹ̀ nà án dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 2012 sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá wù ni. Maryland gbà, tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Texas, tó jẹ́ pé Republican ló ní gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì, kọ̀ jálẹ̀ títí dòní. Níbí, àgbàlagbà tí kò tíì pé ọdún 65, tí kò lọ́mọ kékeré lọ́dọ̀, tí kò lóyún, tí kò ní àìlera, kò lè rí Medicaid gbà bó ti wù kó tòṣì tó. Mo mọ ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní Laurel ló ń gbé ni, ì bá ti máa gba odidi.

Ẹgbẹ́ tún máa ń gbé ẹni tó mọ iṣẹ́ lulẹ̀ o, kí n sọ ìyẹn náà. Ed Emmett ló ń ṣàkóso káńtì Harris, ti Houston níbí, nígbà ìkún omi Harvey ní 2017. Republican ni, síbẹ̀ tọ̀tún tòsì ló yìn ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fìdí rẹmi sọ́wọ́ Lina Hidalgo, ọmọ ọdún 27 tí kò tíì dé ipò kankan rí. Nígbà náà, o lè fi àmì kan ṣoṣo dìbò fún gbogbo Democrat tó wà lórí ìwé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú ìyẹn kúrò láti 2020.

Mi Ò Sí Lẹ́gbẹ́ Kankan

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ò wọ̀ mí létí. Ọkọ arábìnrin yìí ló sọ òótọ́.

Mo ń ṣọ́ ilé ìjọba kan ní DC, agbaṣẹ́ṣe ló gbà mí síṣẹ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù kejìlá 2018 di ọjọ́ 25 oṣù kìíní 2019, ọjọ́ 35, ẹgbẹ́ méjèèjì ń fa owó ògiri ẹnubodè Mexico mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìjọba tìlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, wọ́n san gbogbo owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fún wọn. Àwa ti agbaṣẹ́ṣe kò rí kọ́bọ̀. Owó ilé kò dúró dè wá. Ní 2025 wọ́n tún ṣe é, ó di ọjọ́ 43. Èwo nínú wọn ni kí n wá forúkọ sílẹ̀ sí?

Democrat tí ẹ ń sọ yìí náà ló ya àwòrán agbègbè ìdìbò Maryland ní 2011, lọ́nà tí ìbò á fi gbè wọ́n. Adájọ́ kan ní ti agbègbè kẹta dà bí ẹranko abàmì ayé ọjọ́un tó ń fò, tí apá rẹ̀ ti kán. Republican ń ya tiwọn ní Texas àti North Carolina. Nígbà tí wọ́n gbé ti Maryland àti North Carolina dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 2019, ó ní kì í ṣe ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ló máa parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin tí wọ́n kọ ní 1787 kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. George Washington fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún wọn nípa ẹgbẹ́ ní 1796. Kí ẹnì kan má tún sọ pé ká dá ẹgbẹ́ kẹta sílẹ̀ o: Ross Perot dá dúró ní 1992, ó kó nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 ìbò aráàlú, ṣùgbọ́n nínú ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ gan-an, òdo ló gbà.

Bàbá Lanham

Ará DC, ẹ pẹ̀lẹ́ o, owó yín dùn mí. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí àwòrán yẹn, ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ẹ parí ìtàn náà. Nígbà tí Democrat tún ya òmíràn, adájọ́ ìpínlẹ̀ wa, Lynne Battaglia, fagi lé e ní oṣù kẹta 2022, wọ́n sì ní láti tún un yà. Ibi tí ilé ẹjọ́ Washington ti ṣíwọ́, ti Annapolis, olú ìlú Maryland, ò ṣíwọ́. Ta ló wá ń yan àwọn tó ń ṣòfin ní Annapolis? Ìbò abẹ́lé tí ẹ kò dì.

Ẹ má sì rò pé lẹ́tà ẹgbẹ́ nìkan làwọn èèyàn wa ń wò. Hogan, Republican yẹn, wọlé gómìnà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìpínlẹ̀ Democrat yìí, 2014 àti 2018. Ọ̀pọ̀ Democrat ló dìbò fún un. Nígbà tó wá dupò sẹ́nétọ̀ ní 2024, Alsobrooks ló borí. Ọkùnrin kan náà ni. Àwọn èèyàn mọ̀ pé gómìnà á jókòó sí Annapolis, wọ́n á máa rí i, ilé aṣòfin Democrat á sì máa dì í mú. Sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo lè sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di èyí tó pọ̀ jù ní Washington, ẹgbẹ́ tó bá sì pọ̀ jù ló ń yan alága ìgbìmọ̀ gbogbo àti òfin tí wọ́n máa mú wá síwájú ilé. Wọ́n fẹ́ràn Hogan, wọn ò fẹ́ àwọn tó máa bá wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan tí àwọn èèyàn wa kì í kà sí. Tí sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ tàbí aṣojú kan ní Annapolis bá kú, tàbí tó bá gba iṣẹ́ mìíràn, a kì í tún ìbò dì lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní káńtì ló ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí gómìnà, gómìnà á sì fi ẹni náà jókòó. Ìwọ̀nba èèyàn nínú yàrá kan ni. Kì í ṣe ẹnì kan tàbí méjì ló gba ọ̀nà yẹn wọlé, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ títí.

Àdùkẹ́ Ará Bowie

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọkọ mi jọ kà á ni, ó ń rẹ́rìn-ín firíìjì. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn adájọ́ ńkọ́, ṣé àwọn náà ní ẹgbẹ́? Àti ìgbìmọ̀ inú yàrá tí Bàbá sọ yẹn, ta ló yàn wọ́n?

Bàbá Lanham

Àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ ńlá káńtì máa ń dupò nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í kọ ẹgbẹ́ sí wọn lára. Ẹ lè bá orúkọ kan náà lórí ìwé Democrat àti ti Republican. Ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ́ kò ní rí wọn títí di oṣù kọkànlá, nígbà yẹn sì rèé, wọ́n lè ti dín iye wọn kù.

Ìgbìmọ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa yàn wọ́n, tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ́. Ọdún tí a bá ń dìbò gómìnà, nínú ìbò abẹ́lé, nísàlẹ̀ ìwé ni wọ́n máa ń wà, lẹ́yìn gómìnà, aṣòfin, káńtì àti adájọ́. Orúkọ wọn máa ń pọ̀. Ibẹ̀ ni ó máa ń sú àwọn èèyàn, wọ́n á ti dìde lọ sídìí ẹ̀rọ. Ìwé àpẹẹrẹ máa ń wọlé nínú lẹ́tà ṣáájú ọjọ́ ìbò. Ẹ fi bíìrò sàmì sí ti ìsàlẹ̀ yẹn nílé kí ẹ tó máa bọ̀, òfin gbà yín láyè láti mú un dání wá.